Ojú Ìwé Kelòó?

Orúkọ tí wọ́n ń pè é lẹ́yìn ni Ìyá Ojú-Ìwé, kò sì sẹ́ni tó láyà láti pè é bẹ́ẹ̀ lójú rẹ̀ àfi ọkọ rẹ̀. Orúkọ náà yẹ ẹ́. Kò sí ohun tí ẹ lè sọ níwájú obìnrin yìí, ìbáà ṣe pé òjò ń ṣú bọ̀, tí ohun àkọ́kọ́ tí yóò jáde lẹ́nu rẹ̀ kò ní í jẹ́, "Ojú ìwé kelòó ló wà?" Ọkọ rẹ̀, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, sọ fún un lọ́jọ́ kan pé gáàsì ti tán nílé ìdáná. Ó gbójú sókè láti inú ìwé tó ń kà, ó ní, "Ojú ìwé kelòó?" Bàbá dá a lóhùn pé, "Ojú ìwé ebi." Wọ́n jọ rẹ́rìn-ín, ó sì tún dorí kọ ìwé rẹ̀.

Iṣẹ́ lọ́yà kì í ṣe ẹyọ kan. Àwọn kan wà tó jẹ́ pé ilé ẹjọ́ ìsàlẹ̀ ni ilé wọn, níbi tí àwọn ẹlẹ́rìí ti ń búra, tí wọ́n ń làágùn, tí wọ́n ń purọ́, tí ìyàwó ẹlẹ́jọ́ ń dákú lórí bẹ́ǹṣì. Ìyá Ojú-Ìwé kò sí lára wọn. Ọdún méjì péré ló lò níbẹ̀ nígbà tó ṣì kéré. Lọ́jọ́ tí ìyá arúgbó kan dì mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ níwájú ilé ẹjọ́, tí kò jẹ́ kó gbé ẹsẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó sì pinnu pé òun ò ṣe mọ́. Ó gba òkè lọ, sí ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn àti ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ.

Ní òkè, kò sí ẹlẹ́rìí. Kò sẹ́ni tó ń dì mọ́ni lẹ́sẹ̀. Gbogbo ohun tí wọ́n bá sọ ní ìsàlẹ̀ ni wọn yóò ti tẹ̀ sórí ìwé, tí wọn yóò dì pọ̀, tí wọn yóò sì fi nọ́ńbà sí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan. Ohun tí wọ́n ń pè ní àkọsílẹ̀ ẹjọ́ nìyẹn. Ohun tó bá wà nínú rẹ̀, ó wà. Ohun tí kò bá sí nínú rẹ̀, bó tóbi bí òkè, àwọn adájọ́ òkè kò rí i, wọn ò sì gbọdọ̀ rí i. Obìnrin yìí fẹ́ràn òfin náà bí èèyàn ṣe ń fẹ́ràn yàrá tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá.

Ó lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n nídìí rẹ̀. Ọ́fíìsì rẹ̀ wà ní àjà kẹta ilé kan tí kò ní ẹ̀rọ agbéniròkè, àwọn àkọsílẹ̀ ẹjọ́ sì tò láti ilẹ̀ dé òrùlé débi pé akọ̀wé rẹ̀, obìnrin tó ti bá a ṣiṣẹ́ fún ọdún mọ́kàndínlógún, ní láti fi ẹ̀gbẹ́ kan rìn wọlé. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló máa ń ka àkọsílẹ̀ kọ̀ọ̀kan. Tàkọ́kọ́, kò ní í mú nǹkan kan lọ́wọ́. Èkejì, yóò mú pẹ́ńsùlù pupa. Ẹ̀kẹta, yóò bọ́ bàtà, yóò máa rìn yí tábìlì ká, yóò máa kà á sókè bí ẹni ń wàásù. Tó bá parí ẹ̀kẹta, ẹ lè jí i lójú oorun kí ẹ bi í pé kí ni ẹlẹ́rìí kẹrin sọ nípa àwọ̀ bàtà, yóò sọ ọ́ fún yín tòun ti nọ́ńbà ojú ìwé.

Gáùn dúdú tó ń wọ̀ lọ sí kóòtù ti gbó. Abíyá rẹ̀ ti ya láti nǹkan bí ọdún kan sẹ́yìn, kò sì ráyè gbé e lọ sọ́dọ̀ télọ̀. Sitépúlà ọ́fíìsì ló fi kàn án. Irin kéékèèké márùn-ún ló tò lórí ìlà níbẹ̀, bí ẹni di ìwé ìwáṣẹ́ pọ̀. Akọ̀wé rẹ̀ ní, "Mọ́mì, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e lọ." Ó ní ṣé àwọn adájọ́ fẹ́ wo abíyá òun ni.

Ohun kan tún wà tí gbogbo lọ́yà mọ̀ mọ́ ọn. Kì í rí ẹni tó ń gbẹjọ́ rò fún títí ìdájọ́ yóò fi jáde. Ẹni náà lè wà lẹ́wọ̀n tàbí nílé, tó bá wù ú kó máa sùn sí ẹnu ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, kò ní í rí i. "Kí ni n fẹ́ rí i fún?" ló máa ń sọ. "Gbogbo ohun tó lè sọ fún mi tó wúlò, ó ti sọ ọ́ nísàlẹ̀. Ohun tó bá tún kù tó fẹ́ sọ, kò sí nínú àkọsílẹ̀. Yóò kàn kó bá mi ni." Ó bọ́gbọ́n mu. Ìwà òṣìkà ló jọ, ṣùgbọ́n ó bọ́gbọ́n mu.

Ẹjọ́ tó sọ ọ́ di ẹni tí wọ́n ń dìde kí, ọdún méjìlélógún sẹ́yìn ni. Ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta pákó fẹ́ lé bàbá kan tó ń tún rédíò ṣe kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù tó ti lò fún ọgbọ̀n ọdún, Ìyá Ojú-Ìwé ló sì ń gbẹnu sọ fún àwọn oní-pákó. Bàbá náà ní onílé àtijọ́ ti fi ṣọ́ọ̀bù náà ta òun lọ́rẹ kó tó kú, pé ó kọ létà lé òun lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹjọ́ wà nísàlẹ̀, inú báàgì lọ́yà rẹ̀ ni létà náà sùn sí láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wọ́n dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ kí wọ́n tó ní àwọn fẹ́ mú un jáde. Ìyá Ojú-Ìwé, tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú nígbà náà, dìde, ó ní, "Olúwa mi, ẹni tó gbé omi dé ẹnu tí kò mu ún, kó má wá fi ẹjọ́ òùngbẹ sùn níbí."

Ọ̀rọ̀ náà dùn mọ́ àwọn adájọ́ débi pé wọ́n kọ ọ́ sínú ìdájọ́ wọn bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Láti ọjọ́ náà ló ti di òfin. Ẹjọ́ Òùngbẹ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pè é, wọ́n sì ń kọ́ ọ sórí kí wọ́n tó jókòó ṣe ìdánwò. Nígbà tí wọ́n jáde lọ́jọ́ náà, bàbá onírédíò dúró dè é lórí àtẹ̀gùn ilé ẹjọ́. Ó di létà náà sínú ọ̀rá funfun kan, ó nà án sí i. Ó ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, kàn bá mi kà á." Ìyá Ojú-Ìwé ní, "Bàbá, ẹ má bínú, kò sí nínú àkọsílẹ̀, sà." Ó yà á sílẹ̀, ó bọ́ sínú ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn síbẹ̀ ná. Ìyàwó télọ̀ kan ló kàn.

Ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan ni obìnrin náà gun àtẹ̀gùn àjà mẹ́ta wá, tòun ti ọmọ rẹ̀ obìnrin tó tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, tó ń mí hẹ́lẹ́hẹ́lẹ́. Ikọ́ efée ló ń ṣe ọmọ náà. Akọ̀wé ti fẹ́ dá wọn padà, ṣùgbọ́n nígbà tó rí bí ọmọ náà ṣe ń mí, ó fún un ní omi, ó sì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Obìnrin náà kúnlẹ̀, Ìyá Ojú-Ìwé sì yára fà á dìde, torí pé láti ọjọ́ ìyá arúgbó yẹn, ẹ̀rù ẹni tó bá sún mọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ kò tíì kúrò lára rẹ̀.

"Mà, ọkọ mi ò dáná sun ṣọ́ọ̀bù ẹnikẹ́ni. Ọsibítù ló wà lọ́jọ́ náà."

"Ojú ìwé kelòó?"

Obìnrin náà wo ojú rẹ̀. Kò mọ ohun tí wọ́n ń bi í.

Ọ̀rọ̀ náà ò ṣòroó lóye. Télọ̀ ni ọkọ rẹ̀. Òun àti ọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ní ọ̀kánkán rẹ̀ jọ jà nítorí ibi tí wọ́n ń gbé jẹnẹrétọ̀ sí. Níbi tí inú ti ń bí i, ó sọ lójú gbogbo èèyàn pé, "Iná ló máa jó ẹ!" Ẹnu àìmẹ́nu. Lọ́jọ́ kejì, ní aago méjì ààbọ̀ ọ̀sán, ṣọ́ọ̀bù aláṣọ jóná, ọkùnrin tó ń ṣọ́ ibẹ̀ sì kú sínú rẹ̀. Ẹlẹ́rìí kan ní òun rí ẹnì kan tó wọ ṣẹ́ẹ̀tì búlúù tó ń sá lọ. Télọ̀ ní ṣẹ́ẹ̀tì búlúù. Ta ni ò ní? Wọ́n sọ ọ́ sẹ́wọ̀n ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Bẹ́ẹ̀ aago méjì ku ogún ìṣẹ́jú lọ́jọ́ náà ni télọ̀ gbé ọmọ rẹ̀ dé ọsibítù, tí èémí ò fẹ́ wọlé sí i nínú mọ́. Ìwé ńlá kan wà lẹ́nu ọ̀nà ibẹ̀ tí wọ́n ń kọ orúkọ sí. Orúkọ télọ̀ wà níbẹ̀, ìbuwọ́lù rẹ̀ wà níbẹ̀, àsìkò tó wọlé àti àsìkò tó jáde, aago márùn-ún, wà níbẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó gbà wọ́n wọlé ti kó lọ sí ìlú òkèèrè, kò sẹ́ni tó mọ ibi tó wà. Nọ́ọ̀sì mìíràn ni ọsibítù rán, òun ló sì gbé ìwé ńlá náà wá sí kóòtù ìsàlẹ̀ lọ́jọ́ ìgbẹ́jọ́. Adájọ́ gbà á, ó ṣí i, ó fi ìka tọ orúkọ náà, ó dá a padà fún un.

Ìyá Ojú-Ìwé ka àkọsílẹ̀ náà lẹ́ẹ̀mẹta gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Lẹ́ẹ̀kẹta, nígbà tó dé ojú ìwé igba ó lé mẹ́rìnlá, ó dúró lórí ilẹ̀ tútù láìwọ bàtà. "Nọ́ọ̀sì gbé ìwé kan jáde. Adájọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ó dá a padà." Ìlà tó tẹ̀lé e jẹ́ ìbéèrè nípa iye máṣíìnì tó wà ní ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Lọ́yà tó gbẹjọ́ náà rò nísàlẹ̀, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ní ẹjọ́ mẹ́rin lọ́jọ́ kan ṣoṣo, gbàgbé láti sọ gbólóhùn kúkúrú kan: kí ilé ẹjọ́ gba ìwé yìí wọlé gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí. Tí kò bá sọ ọ́, wọn ò ní í lu ìwé náà ní òǹtẹ̀. Tí wọn ò bá lù ú ní òǹtẹ̀, kò di ẹ̀rí. Ọmọ ọdún kìíní níléèwé òfin mọ̀ ọ́n. Ní ojú ìwé ọ̀ọ́dúnrún ó lé méjì, adájọ́ tó fi ìka ara rẹ̀ tọ orúkọ náà kọ ọ́ pé, "Kò sí ìwé kankan níwájú mi tó ti ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn."

Kí ẹ má rò pé adájọ́ náà purọ́. Òótọ́ òfin ló kọ. Ohun tó ń bani nínú jẹ́ níbẹ̀ nìyẹn.

Ìyá Ojú-Ìwé pe obìnrin náà, ó ṣàlàyé fún un pé òun yóò bẹ ilé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn kí wọ́n gba ìwé náà gẹ́gẹ́ bí ẹ̀rí tuntun. Ó ní ṣùgbọ́n kò dájú, torí pé ẹ̀rí tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí ẹlẹ́jọ́ ò lè rí mú wá nígbà tí ẹjọ́ wà nísàlẹ̀. Èyí kì í ṣe tuntun. Inú kóòtù ló wà.

Obìnrin náà ronú sí i. Ó ní, "Mà, ṣé tí ìwé yẹn bá sọnù nígbà yẹn, tá a wá ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i, wọ́n á gbà á?"

"Ó ṣeé ṣe."

"Ẹ̀ṣẹ̀ wa ò ju pé kò sọnù lọ nìyẹn."

Ìyá Ojú-Ìwé pa àkọsílẹ̀ náà dé, ó dìde láti sìn ín dé ẹnu ilẹ̀kùn.

"Ẹ bá mi lọ rí ọkọ mi, mà," ni obìnrin náà wí nígbà tó ń lọ. "Ojú lọ̀rọ̀ wà. Tẹ́ ẹ bá rí i, ẹ máa mọ̀ pé kì í ṣe ẹni tó lè ṣe é."

"Lẹ́yìn ìdájọ́," ni Ìyá Ojú-Ìwé wí.

Nílé ẹjọ́ kòtẹ́milọ́rùn, adájọ́ mẹ́ta gbọ́ ẹjọ́ náà, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sì kọ̀. Lọ́yà kékeré tó gbàgbé wá fúnra rẹ̀, ó búra sórí ìwé pé, "Èmi ni mo gbàgbé, ẹ má fi jẹ ẹ́ níyà." Ó làágùn tó bẹ́ẹ̀ tí kọ́là ọrùn rẹ̀ rin gbingbin. Wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ pé ó sọ òótọ́. Wọ́n ní Ẹjọ́ Òùngbẹ ti dí ọ̀nà náà pa láti ọdún méjìlélógún, pé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ló fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀, àwọn ò sì lè ta ko ẹni tó ju àwọn lọ. Bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe jẹ́ pé ọ̀dọ̀ àwọn tó ṣe òfin náà nìkan ló kù tí Ìyá Ojú-Ìwé lè lọ. Ó máa ní láti lọ bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n jẹ́ kí òun gba ọ̀rọ̀ ẹnu òun padà lọ́wọ́ wọn.

Ọkọ rẹ̀ rí i ní àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n máa gbọ́ ẹjọ́ náà níbẹ̀, bó ṣe ń fi sitépúlà kan irin kẹfà mọ́ abíyá gáùn. Ó ní, "Ìyá Ojú-Ìwé, ṣé kò ní í gún ẹ?" Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Tíṣà, mò ń lọ bá ara mi jà lónìí." Bàbá kò mọ èyí tí yóò ṣe ju kó bá a gbé báàgì dé ìdí ọkọ̀ lọ.

Adájọ́ márùn-ún ló jókòó. Àga wọn ga débi pé èèyàn ní láti gbé ọrùn sókè. Ìyàwó télọ̀ jókòó lẹ́yìn pátápátá, ó fi ìwé ọsibítù tí wọ́n ṣe fọ́tòkọ́pì rẹ̀ lé orí ẹsẹ̀. Ìyá Ojú-Ìwé sọ̀rọ̀ fún ogójì ìṣẹ́jú. Ó ní òfin wà nítorí èèyàn. Ó ní ẹni tó ṣàṣìṣe ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ẹni tí kò ṣe nǹkan kan ń sùn sílẹ̀. Ó ní adájọ́ ìsàlẹ̀ fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì di ìwé náà mú, ó kà á. Ohùn rẹ̀ lọ sókè, ohun tí kò ṣe rí láyé rẹ̀ ní kóòtù kankan. Ó gbé ọwọ́ sókè, ó gbọ́ nígbà tí irin kan já ní abíyá rẹ̀.

Agbẹjọ́rò ìjọba ò pé ọmọ ogójì ọdún. Kò ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ lórí ìdúró. Ó ṣí ìwé òfin, ó tẹríba díẹ̀ sí Ìyá Ojú-Ìwé bí ẹni tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìyá rẹ̀, ó wá kà á: "Ẹni tó gbé omi dé ẹnu tí kò mu ún, kó má wá fi ẹjọ́ òùngbẹ sùn níbí." Ó jókòó.

Olórí àwọn adájọ́ náà, bàbá kan tó so awò ojú rẹ̀ mọ́ okùn, wo Ìyá Ojú-Ìwé. "Agbẹjọ́rò, ṣé ẹ rántí ẹni tó sọ ọ̀rọ̀ yìí?"

"Èmi ni, Olúwa mi."

Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín ní kóòtù. Kì í ṣe ẹ̀rín ìkà. Wọ́n rò pé àwàdà ni. Adájọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ẹni tó da eérú leérú ń tọ̀, Ìyá Ojú-Ìwé sì dúró síbẹ̀ tí eérú náà ń bà lé e lójú.

"Ṣé irọ́ lẹ pa nígbà náà ni?" ni bàbá náà tún bi í.

"Rárá, Olúwa mi."

"Tá a bá ṣí ilẹ̀kùn yìí fún ọkùnrin yìí, ta la tún máa tì í mọ́?"

Ìdáhùn wà. Ó ti kọ ọ́ sílẹ̀ sí ojú ìwé kejìdínlógún nínú àlàyé rẹ̀, ó sì sọ ọ́. Àwọn márààrún mi orí. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ti kọ́ ọ láti mọ bí adájọ́ ṣe ń mi orí tó bá ti pinnu tán.

Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà ni ìdájọ́ jáde, ní aago mẹ́wàá àárọ̀. Ẹ̀pa ò bóró mọ́. Wọ́n kọ ọ́ dáadáa, ó mọ́ lójú, ó bófin mu láti òkè délẹ̀. Ká ní ẹjọ́ ẹlòmíràn ni, Ìyá Ojú-Ìwé ìbá gé e mọ́ fáìlì kó máa fi kọ́ àwọn ọmọ iṣẹ́. Ní ìparí rẹ̀, olórí adájọ́ ní ọ̀rọ̀ náà ṣe àwọn láàánú gidigidi.

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyàwó télọ̀ di ògiri mú. "Mà, ṣé wọn ò rí ìwé náà ni?"

"Wọ́n rí i."

"Kí ni wọ́n wá sọ?"

"Wọ́n ní ó ṣe àwọn láàánú."

Obìnrin náà ti ń wá sí ọ́fíìsì Ìyá Ojú-Ìwé fún ọdún méjì ààbọ̀, ó ti gbọ́ èdè ibẹ̀. Kò pariwo. Ó ní, "Àánú wọn, ojú ìwé kelòó ló wà?" Ó fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀ ní àtẹ̀gùn, wọ́n ń dúró ní ibi kọ̀ọ̀kan kí ọmọ náà lè mí.

Ojú ti Ìyá Ojú-Ìwé. Kì í ṣe ìtìjú ẹni tí wọ́n na ní kóòtù. Wọ́n ti na án rí. Èyí jẹ́ ti ẹni tó rí ọmọ tó ṣubú sí kòtò tó jẹ́ pé òun ló gbẹ́ ẹ, tí okùn ò sì tó o. Ó ká gáùn rẹ̀ sínú báàgì, ó sọ fún awakọ̀ pé ọgbà ẹ̀wọ̀n ni àwọn ń lọ. Awakọ̀ rò pé òun ò gbọ́ dáadáa.

Wọ́n ń kun yàrá àlejò ọgbà ẹ̀wọ̀n lọ́dà lọ́jọ́ náà, nítorí náà yàrá ìránṣọ ni wọ́n mú un lọ. Máṣíìnì mẹ́fà ló wà níbẹ̀, wọ́n fi irin kan ẹsẹ̀ wọn mọ́lẹ̀. Wọ́n ti kó àwọn sísọ́ọ̀sì kúrò, torí pé wọn kì í fi í sílẹ̀ tí àlejò bá wà. Ọkùnrin tó dìde kí i kúrú, ó tinrín, ó gbé téèpù ìwọnṣọ kọ́ ọrùn bí ẹni tó wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí Ìyá Ojú-Ìwé yóò rí i láyé rẹ̀ nìyẹn, ó sì mọ ẹlẹ́jọ́ náà láti ojú ìwé kìíní títí dé ìkẹyìn ju bó ṣe mọ àwọn àbúrò rẹ̀ lọ.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Tàbí ó ti di ẹ káàsán."

"Wọn ò gbà," ni Ìyá Ojú-Ìwé wí. Kò mọ bí wọ́n ṣe ń sọ irú rẹ̀. Akọ̀wé rẹ̀ ló máa ń kọ létà.

Télọ̀ jókòó. "Ọmọ ńkọ́? Ṣé ó ń mí dáadáa?"

"Ó wà pẹ̀lú ìyá rẹ̀. Ó ń mí."

Wọ́dà tó yẹ báàgì wò ti tú gbogbo ẹ̀ sórí tábìlì, gáùn náà sì wà láàárín àwọn méjèèjì. Télọ̀ wò ó, ó fà á mọ́ra, ó yí abíyá rẹ̀ síta. Ó gbàgbé ara rẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. "Ẹ̀yin mà, ta ló fi irin ìwé ranṣọ báyìí?"

"Èmi ni."

"Háà. Ẹ mà lágídí o." Ó fi èékánná yọ àwọn irin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó mú abẹ́rẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rán an lọ́wọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá kọjá ẹkún, ẹ̀rín là á fi rín. Ó ń rẹ́rìn-ín díẹ̀díẹ̀ bó ṣe ń rán an.

Níbẹ̀ ni Ìyá Ojú-Ìwé ti sọ gbogbo ẹ̀ fún un. Ó sọ pé ọ̀rọ̀ ẹnu òun ni wọ́n fi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Ó sọ ti bàbá onírédíò, ti létà tó sùn sínú báàgì, ti àtẹ̀gùn, ti ọ̀rá funfun. Kò sẹ́ni tó ní kó sọ ọ́, kò sì sí nínú àkọsílẹ̀ kankan. Ó ní kó dárí ji òun, ó ní òun ò rí nǹkan kan ṣe mọ́, pé kò sí ibì kankan tó ju ibi tí àwọn ti ń bọ̀ yìí lọ.

Télọ̀ ò gbójú sókè. Ó rán an dé ìparí, ó so kókó. Ó wá bi í bí ẹni ń bi ẹlòmíràn ní aago tó lù.

"Létà bàbá yẹn, mà, ṣé òótọ́ ló wà nínú ẹ̀?"

Ọdún méjìlélógún, kò sẹ́ni tó bi Ìyá Ojú-Ìwé rí.

"Mi ò kà á," ló wí.

Télọ̀ tẹ orí ba, ó fi eyín gé òwú, torí pé kò sí sísọ́ọ̀sì. Ó na gáùn náà sí i. Ìyá Ojú-Ìwé kò gbà á. Ọkùnrin náà sì mú un lé e léjìká fúnra rẹ̀, ó fà á gún, ó fi ọwọ́ nu ibi tó rán, bí ó ṣe ń ṣe fún gbogbo oníbàárà.